Ínǹṣì Mẹ́ta Tí Mo Gé Kúrò

Ọmọ mi àtàtà,

Láti orí tábìlì ìgéṣọ ni mo ti ń kí ọ, níbi tí mo ti ti aṣọ àwọn oníbàárà sí ẹ̀gbẹ́ kan kí n lè ráyè tẹ́ bébà. Mo gbàdúrà pé kí ìwé yìí bá ọ ní ìjókòó, kí ó má bá ọ lórí ìdùbúlẹ̀, kí òòyì tó ń kọ́ ọ ti lọ, kí egbò orí rẹ sì ti jinná. Ní tèmi, ara náà ni à ń tì kiri: ẹ̀yìn ń dùn mí, ihò abẹ́rẹ́ ń kéré sí i lójoojúmọ́, ikùn mi sì ti ń ti ẹ̀rọ ìránṣọ bí ẹni pé òun náà fẹ́ kọ́ṣẹ́. Ìyá rẹ wà dáadáa. Òun ló ní kí n yé pè ọ́ lórí fóònù, kí n jókòó kọ̀wé, nítorí pé bí mo bá ti la ẹnu, àwàdà ni mo máa ń fi ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi pè ọ́ tí o kò gbé e, nítorí náà n kò lè bá a jiyàn.

Lẹ́tà àǹtí rẹ dé ọwọ́ wa ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìyá rẹ ló ń kà á sókè, èmi ń fi áyọ́ọ̀nù lọ kọ́là lọ́wọ́. Ó ní o ṣubú ní kíláàsì nígbà tí o dìde láti dáhùn ìbéèrè, pé etí bẹ́ǹṣì ló la orí rẹ, pé ìgbà tí wọ́n gbé ọ dé ilé ìwòsàn ni wọ́n tó mọ̀ pé omi àti ààbọ̀ búrẹ́dì ni o fi gbé ọjọ́ mẹ́rin. Ó ní nígbà tí òun tú báàgì ìwé rẹ wò, òun bá oúnjẹ tí òun ń bù fún ọ láràárọ̀ nínú ọ̀rá, èyí tó ti bàjẹ́ àti èyí tí kò tíì bàjẹ́. Ó ní dókítà bi ọ́ pé ta ló kọ́kọ́ sọ fún ọ pé ara rẹ kò dára, o sì kọjú sí ògiri. Kí ìyá rẹ tó kà á débẹ̀, kọ́là ti jóná mọ́ mi lọ́wọ́. Àǹtí rẹ kò kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìbéèrè yẹn, kò sì nílò rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù yìí rí ló mọ ìdáhùn rẹ̀.

N óò sọ òótọ́ fún ọ, nítorí pé òótọ́ ni mo torí rẹ̀ jókòó. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu mi lẹ́yìn tí ìyá rẹ kà á tán ni pé, "Ṣé ebi ni wọ́n fi ń ṣoge báyìí ni?" Ẹnu yìí kì í sinmi. Ìyá rẹ ká lẹ́tà náà, ó fi í mọ́ àyà, ó ní, "Bàbá wọn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dákẹ́ fún ọjọ́ kan péré." Láti ọdún mọ́kàndínlógún tí a ti fẹ́ra, n kò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Mo dákẹ́ lóòótọ́. Ìgbà tí mo dákẹ́ ni ohun tí mo ti fi pamọ́ láti ọdún mẹ́ta wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ mí lẹ́nu.

O lè má rántí ilé wa àtijọ́ dáadáa, èyí tó ní àgbàlá fífẹ̀. Kí o tó bọ́jú láàárọ̀, o ti sá yí ẹ̀rọ omi po lẹ́ẹ̀mẹwàá. "Ẹsẹ̀-kì-í-sinmi" ni mo ń pè ọ́ nígbà náà, ẹnu mi sì ń dùn bí mo bá ń pè é. Nígbà tí o pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, onílé ta ilé náà, a sì kó lọ sí àjà kẹta ilé tí a wà báyìí. O mọ onílé tuntun yẹn àti ohun tó kọ sí ara ògiri àtẹ̀gùn: bọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ wọlé, okùn fífò kò gbọdọ̀ wọlé, ọmọdé kò gbọdọ̀ sáré. Ó kù díẹ̀ kó kọ ọ́ pé ọmọdé kò gbọdọ̀ mí. Títì tó wà níwájú ilé sì nìyẹn, tí ọkọ̀ akẹ́rù ń fi ojoojúmọ́ sáré lórí rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. N kò ní parọ́ pé ẹ̀rù kò bà mí, baba wo ni ẹ̀rù kò ní bà? Mo ní kí o máa bọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù láti ilé ìwé tààrà.

Orí àpótí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni mo fi ọ́ sí. Láti aago méjì di aago méje, lójoojúmọ́, ọdún mẹ́ta gbáko. Bí o bá fẹ́ dìde, mo ní kí o jókòó, kí o má da òwú rú. Bí o bá ní ó ti sú ọ, mo ní kí o lọ ra búrẹ́dì dídùn àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ́dọ̀ obìnrin tó wà níwájú, kí o wá jókòó jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́. Èmi ni mo ń rán ọ. Èmi ni mo ń fi oúnjẹ dí ọ lẹ́nu kí n lè ráyè ránṣọ. Nígbà tí ara rẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í kún, mo wò ọ́ bí ẹni tí kò mọ ibi tí o ti kó o wá, mo sì sọ ọ́ ní "Àpò Símẹ́ńtì". Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo sì fi ẹ̀rín yẹn ṣe ẹ̀rí fún ara mi pé kò dùn ọ́. Ìyá rẹ sọ fún mi pé òun bá ọ níbi tí o ti ń fi òwú so ikùn rẹ lábẹ́ aṣọ ilé ìwé. Mo ní ìyẹn dára, ó fi hàn pé o ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ọdún tí o pé ọmọ ọdún méjìlá ni Tíṣà Fèrè dé ilé ìwé yín. Ìwọ lo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún wa pé olùkọ́ eré ìdárayá tuntun kan ti dé, obìnrin tín-ín-rín kan tí fèrè rẹ̀ kì í kúrò lọ́rùn, tó bá ọ̀gá ilé ìwé jà títí wọ́n fi dá pápá padà fún àwọn ọmọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì, o sáré wọ ṣọ́ọ̀bù láti sọ fún mi pé wọ́n ti mú ọ mọ́ ẹni mẹ́rin tí yóò sá eré tí wọ́n ń fi ọ̀pá lé ara wọn lọ́wọ́, pé ìwọ ni wọn yóò fi ọ̀pá náà lé lọ́wọ́ kẹ́yìn. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ, eyín rẹ sì wà níta. N kò bi ọ́ bí ó ṣe jẹ́. Mo rò pé àánú rẹ ló ṣe obìnrin náà. Mo ní, "Ẹni ìkẹyìn kẹ̀? Kí ilẹ̀ má baà mì kí àwọn yòókù tó sá tiwọn ni." Mo rántí pé o jókòó sórí àpótí, o sì ń tú okùn bàtà rẹ láì gbójú sókè.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kẹta, ilé ìwé gbé iṣẹ́ aṣọ ìdíje fún wa, ọmọ mọ́kànlélógójì. O mọ bí a ṣe ń wọn ènìyàn níbí. Èmi ni mo ń fa tépù, ìyá rẹ ló ń kọ ọ́ sínú ìwé ìwọ̀n, ó sì jẹ́ pé ìdí tábìlì bọ́tìnnì ló máa ń jókòó sí, lẹ́yìn ẹ̀rọ mẹ́ta, nítorí náà mo máa ń pariwo nọ́ńbà náà ni. Bí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ṣe ń ṣe é nìyẹn, n kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì rí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ tò láti ẹnu ọ̀nà títí dé etí gọ́tà, ìwọ náà sì wà lórí ìlà pẹ̀lú wọn. Nígbà tó kàn ọ́, mo na ohùn sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: "Ìbàdí, mẹ́tàdínlógójì! Ẹ bá mi wá tépù mìíràn o, èyí fẹ́ tán!" Ìyá rẹ ní, "Bàbá wọn, ẹ rọra pè é, mo ń gbọ́." Mo tún un pè. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn ọmọ náà ti sọ ọ́ di orúkọ rẹ, tí wọ́n ń pè ọ́ ní Mẹ́tàdínlógójì láti ẹnu géètì títí dé kíláàsì. Nígbà tí ìyá rẹ fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn mí, mo ní kí ló burú níbẹ̀, ṣebí nọ́ńbà lásán ni.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí àfi èmi. Ṣòkòtò péńpé eré ìje kì í bá ara dọ́gba. A gbọ́dọ̀ fi ínǹṣì mẹ́ta lé e kí ẹsẹ̀ lè ráyè nà, pàápàá irú aṣọ dídán tí wọ́n rà lọ́dún yẹn tí kì í fà rárá. Lẹ́yìn ìyẹn, nínú aṣọ ọmọdé, a tún máa ń fi àyè sílẹ̀ níbi tí a ti rán an pọ̀, kí a lè tú u bí ọmọ bá dàgbà. Ogójì ọmọ ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Tìrẹ nìkan, mẹ́tàdínlógójì géérégé ni mo gé e. N kò fi ínǹṣì kankan lé e, mo sì gé etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú kí ẹnikẹ́ni má lè rí ibi tú. Kì í ṣe àṣìṣe. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà rẹ̀, mo wò ó, mo sì gé e. Mo rò pé bí aṣọ bá fún ọ, ìwọ yóò mú ara rẹ bá aṣọ mu kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń mú aṣọ bá ara mu. Ọjọ́ kan péré ni mo yí i padà, ọmọ mi ni mo sì fi dán an wò.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú ìdíje, o gbé ṣòkòtò náà wọ̀ nílé, o sì sọ fún ìyá rẹ pé ó fún ọ. Ó yí i sódì láti tú u, kò bá àyè kankan. Ó wojú mi. Mo ní, "Bí mo ṣe wọ̀n ọ́n ni mo ṣe rán an. Òun ló ti fi ẹran kún un láti ìgbà yẹn." Ìyá rẹ gbà mí gbọ́, nítorí pé nínú iṣẹ́ mi, n kò parọ́ fún un rí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé àwo oúnjẹ kúrò níwájú rẹ, ó ní kí o fara dà á títí wọn yóò fi sá eré tán. O mu omi, o sì lọ.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, mo lọ dúró síbi okùn tí wọ́n fà yí pápá ká, níwájú pátápátá. Mo rí ọ níbi tí o ti ń retí ọ̀pá. Ẹgbẹ́ yín ló wà ní ipò kejì, ẹni tó wà níwájú kò sì jìnnà. O tẹ̀ síwájú, o na ọwọ́ sẹ́yìn, ọ̀pá bọ́ sí ọ lọ́wọ́. O ju ẹsẹ̀ kan, o ju èkejì, ṣòkòtò náà sì ya láti ìsàlẹ̀ títí dé ìbàdí, gbogbo pápá sì gbọ́ ọ. O dúró. O fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀yìn mú, ọ̀pá bọ́ sílẹ̀. Ó yẹ kí n fo okùn yẹn kí n bọ́ ẹ̀wù mi fún ọ. Ohun tí mo ṣe ni pé mo pariwo, "Mo sọ bẹ́ẹ̀! Àpò Símẹ́ńtì ti ya!" Èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kí àwọn tó kù tó bá mi rín in. Tíṣà Fèrè ló bọ́ jákẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ tó fi dì ọ́ nídìí, tó sì mú ọ kọjá níwájú mi. O wò mí bí o ṣe ń kọjá. N kò tíì lè ṣàpèjúwe ojú yẹn fún ẹnikẹ́ni, n kò sì ní gbìyànjú rẹ̀ níbí.

Láti ọjọ́ yẹn, o kò lọ sí pápá mọ́. O ní kí ìyá rẹ kọ̀wé sí ilé ìwé pé àyà ń dùn ọ́, ó sì kọ ọ́. O ń gba ẹ̀yìnkùlé wálé kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ má baà rí ọ. O jókòó sórí àpótí láì jẹ́ pé mo sọ fún ọ, o ń ṣe ìṣẹ́po aṣọ, o sì ń jẹ búrẹ́dì tí n kò rán ọ. Ara rẹ ń kún sí i. Mo ní ọ̀lẹ ni ọ́. Mo sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù pé ọmọ òde òní kò fẹ́ mira, pé ìjókòó ló ń sọ wọ́n di bẹ́ẹ̀. Ó ń dùn mọ́ mi lẹ́nu bí ìwàásù. Ó tó ọdún mẹ́ta tí mo fi ń wàásù yẹn, n kò sì bi ara mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé ta ló dá ọ jókòó. Nígbà tí o ní o fẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ àǹtí rẹ, mo ní kí o máa lọ, ilé á fẹ̀ sí i. Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìwọ kò rẹ́rìn-ín mọ́ nígbà yẹn.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta sí ìgbà tí lẹ́tà àǹtí rẹ dé, Tíṣà Fèrè wọ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ṣòkòtò kan tí síìpù rẹ̀ bàjẹ́. Kò wá síbí rí láti ọjọ́ ìdíje yẹn. Télọ̀ tirẹ̀ ni ara rẹ̀ kò yá. Ó béèrè rẹ. Mo ní o wà dáadáa. Ó ní òun ṣì ń rántí pé aago mẹ́fà ààbọ̀ ni o máa ń dé pápá láràárọ̀, kí olùṣọ́ tó ṣí géètì tán, láti lọ dá sáré yí i ká lẹ́ẹ̀mẹfà kí àwọn yòókù tó dé. Mo ní, "Ọmọ mi?" Àárọ̀ kùtùkùtù tí a rò pé ilé ìkàwé ni o ń lọ! Mo wá sọ pé, láti fi hàn pé mo ní inú rere, lóòótọ́ o gbìyànjú gan-an fún ọmọ tó sanra. Obìnrin náà wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní, "Bàbá, ọmọ yín ló yára jù nínú gbogbo ilé ìwé. Mi ò sọ pé ó yára fún ọmọ tó sanra. Ó yára ni. Ẹni tó bá yára jù la máa ń fi sí ìkẹyìn, òun ló ń gbani." Mo rán síìpù náà, mo sì gún ọwọ́ ara mi lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tó lọ tán, mo gbé ìwé ìwọ̀n àtijọ́ kalẹ̀ látorí àjà. Gbogbo ìbẹ̀rẹ̀ sáà ni a máa ń wọ̀n ọ́, ìyá rẹ sì ń kọ ọjọ́ rẹ̀ sí i. Ní àwọn ọdún orí àpótí, ìbàdí rẹ kúrò ní ọgbọ̀n, ó di mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ó di mẹ́tàdínlógójì. Ní ọdún tí o ń sáré, mẹ́tàdínlógójì ni ní sáà kìíní, mẹ́tàdínlógójì ni ní sáà kejì, mẹ́tàdínlógójì náà ni ní ọjọ́ tí mo pariwo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni gígùn rẹ ti fi ínǹṣì méjì lé sí i. Ara rẹ ti dúró. O ń ga, kò sì kún mọ́. O ti ń ṣe ohun tí mo ń bú ọ pé o kò ṣe, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà nínú ìwé tó wà lórí orí mi gan-an. Lẹ́yìn ọjọ́ ìdíje, ogójì. Lẹ́yìn náà, mẹ́tàlélógójì. Lẹ́yìn náà kò sí nǹkan kan mọ́, nítorí pé o kọ̀ kí n fi tépù kàn ọ́, o ní kí ìyá rẹ ra aṣọ rírán tẹ́lẹ̀ fún ọ. Mo bínú nígbà yẹn. Mo ní ìwọ ọmọ télọ̀, o fẹ́ dójú tì mí ni.

Nítorí náà, gbọ́ mi, ọmọ mi, bí o kò bá ní gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu mi títí ayé. Ara rẹ kọ́ ló ya aṣọ yẹn. Ọwọ́ mi ló ya á. Ọwọ́ mi ya á ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí o tó wọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá fún ọ ní aṣọ tí wọ́n fún àwọn ogójì yòókù, ìwọ ìbá gba ọ̀pá yẹn, ìwọ ìbá sì lọ. Gbogbo ohun tí o ti sọ fún ara rẹ láti ọdún mẹ́ta nítorí ọjọ́ yẹn, irọ́ mi ni o gbé e kà. Mo fi í sílẹ̀ fún ọ láti máa gbé kiri nítorí pé ojú ń tì mí, àti nítorí pé, kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, ó tù mí lára kí o jẹ̀bi ju kí n jẹ̀bi lọ.

Jọ̀ọ́, jẹun. Àǹtí rẹ ní dókítà sọ pé ara ọmọ tó ń dàgbà kì í gbọ́ èdè ebi, pé ọkàn rẹ àti eegun rẹ ni ebi náà ń jẹ. Ó ní ara ọmọdé máa ń kún nígbà mìíràn kí ó tó nà, pé kí wọ́n fi oúnjẹ gidi sí i, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó máa mira lọ́nà tó bá dùn mọ́ ọn, kí wọ́n má sọ ọ́ di ìyà. Bí o bá tún fẹ́ sáré lọ́jọ́ kan, sáré nítorí pé ó dùn mọ́ ọ. Bí o kò bá sì fẹ́, má sáré. Má ṣe é láti dín kù fún ojú ẹnikẹ́ni, tèmi ló sì yẹ kí o kọ́kọ́ yọ kúrò nínú àwọn ojú náà. N kò sọ pé kí o wálé. N kò sọ pé kí o dárí jì mí, nítorí pé n kò tíì mọ bí ẹni tó ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ń tọrọ ìdáríjì láì fi ṣe àwàdà. Mo ṣáà fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n.

Kí Ọlọ́run tó dá ọ dá okun rẹ padà fún ọ. Kí oúnjẹ dùn lẹ́nu rẹ, kí oorun dùn lójú rẹ. Kí ẹsẹ̀ rẹ gbé ọ dé ibi tí ohùn mi kò ti ní bá ọ. Ẹ̀mí rẹ á gùn, o ò ní bá irú mi pàdé lọ́nà mọ́, o ò sì ní bí ọmọ fún irú mi.

Èmi ni, bàbá tó bí ọ tó sì ṣẹ̀ ọ́,
Télọ̀.

Àfikún: Kì í ṣe ilé ìfìwéránṣẹ́ ni ìwé yìí yóò bá wá, ìyá rẹ ni yóò fi lé ọ lọ́wọ́. Ó ní kí n jẹ́ kí òun kà á kí n tó lẹ̀ ẹ́, láti wò ó bóyá mo fi àwàdà sí i. Ó kà á tán ní ìdí bọ́tìnnì, ó tún padà ka ibi tí mo ti kọ̀wé nípa àwo oúnjẹ. Lẹ́yìn náà ó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Nígbà tí mo gbé oúnjẹ yẹn kúrò níwájú ọmọ mi, ẹ wà níbẹ̀, ẹ ń wò mí, ẹ sì mọ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti ń di ẹrù láti àárọ̀. Ó kó aṣọ òjò, ó kó bàtà mẹ́ta, ó sì ti kó àwọn fọ́tò rẹ kúrò lára ògiri. N kò bi í ní ọjọ́ tí yóò padà.